Káàdì Tí Mo Tẹ̀ fún Ẹní Ìyá Mi

Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ìtàn yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí bí n kò bá tètè jẹ́wọ́, ara mi kì í balẹ̀. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi nínú ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó, mo mú káàdì funfun kan tó nípọn, mo yí i sínú ẹ̀rọ, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé: ẹní, pupa àti dúdú, ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó hun ún, a kò mọ̀ ọ́n. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí àwọn tó kù, mo sì mú òmíràn. Ẹní yẹn, ìyá mi ló hun ún.

Ìgbà tí owó epo dé ni mò ń sọ. Ẹgbẹ́dá ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nínú yàrá méjì tí a háyà lọ́wọ́ bàbá onílé kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Akówọnjọ, ojoojúmọ́ ni ilé tuntun ń yọ orí, eruku sìmẹ́ǹtì kì í sì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lórí okùn. Olùkọ́ ni ọkọ mi, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún. Èmi ní tèmi, táípíìsì ni mí ní báńkì àgbà ìjọba, báńkì tí gbogbo báńkì yòókù ń forí balẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: ní gbogbo àdúgbò wa, kò sí obìnrin mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá ń lọ wọ ọkọ̀ láàárọ̀, àwọn obìnrin á máa kí mi ní "akọ̀wé báńkì", n kò sì ní purọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Gbogbo ènìyàn ló ń ra nǹkan lásìkò yẹn. Bí ẹni tó ń gbé yàrá iwájú bá ra tẹlifíṣọ̀n lónìí, ẹni tó wà lẹ́yìn á ra fíríìjì lọ́la. Fóòmù ni à ń sùn lé. Ẹni tó bá ṣì ń sùn lórí ẹní, ńṣe là ń káàánú rẹ̀. Èmi ra rọ́ọ̀gì. Aláwọ̀ ewé ni, ó nípọn dáadáa, ó sì tẹ́ pálọ̀ wa láti ògiri dé ògiri. Mo sọ ọ́ di òfin pé kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, títí kan bàbá onílé fúnra rẹ̀.

Orí rọ́ọ̀gì yìí ni ìyá mi bá mi nígbà tó wá láti Èkìtì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni, ó sì wá bá mi wẹ ọmọ bí àwọn ìyá ti í ṣe. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò, ó sì lò ju ọdún kan lọ. Ó gbé ẹ̀lùbọ́ wá, ó gbé adìẹ méjì wá, ó sì gbé ẹní kan tó ká dáadáa wá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹní náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá mi ń rí i níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ ẹní ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Mo rò pé bó bá dé Èkó, ó máa sinmi. Kò sinmi. Obìnrin kan wà tó ń ta ewé eéran lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòtún, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Àwọn oníbàárà a gba ewé, obìnrin náà a sì kó àwọn igi ewé tó gùn gbọọrọ dànù. Igi ewé yìí gan-an ni wọ́n fi ń hun ẹní ní ìlú wa. Nígbà tí ìyá mi rí òkìtì rẹ̀ lójú àgbàrá, ńṣe ló dà bí ẹni tó rí owó nílẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà, obìnrin náà sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé wa di ibi iṣẹ́. Ó ń fi ọ̀bẹ la igi ewé, ó ń ha inú rẹ̀, ó ń sá a sórí ọgbà bàbá onílé. Èyí tó fẹ́ kó pupa, ó ń bọ̀ ọ́ pẹ̀lú pòròpórò ọkà bàbà tó kó wá láti ilé. Èyí tó fẹ́ kó dúdú, ó ń rì í mọ́ ẹrẹ̀.

Inú bí mi. Ìyá akọ̀wé báńkì ń ṣa igi ewé kiri Ẹgbẹ́dá!

"Màmá, ẹ sinmi jàre," ni mo ń sọ. "Ta ló tún ń sùn lórí ẹní l'Ékòó? Ta lẹ máa tà á fún?"

"Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán," ni èsì rẹ̀.

Ní ibi iṣẹ́, wọ́n bi mí léèrè rí pé kí ni iṣẹ́ ìyá mi, mo ní oníṣòwò ni. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, ó ń ta ẹní. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mò ń fi pamọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìyá mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ báńkì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ mọ bí ìyẹn ti rí láàrin wa. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, a kì í fi nawọ́ sí àgbà, a kì í fi í jẹun. Ní kékeré, wọ́n na ọwọ́ yẹn títí ó fi kọ́ láti máa fi ọ̀tún ṣe gbogbo ohun tí ojú ẹlòmíràn lè tó. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sídìí ẹní, òsì ló ń ṣíwájú, kò sì sí pàṣán tó lè yí ìyẹn padà. Nítorí náà, ẹní tí àwọn obìnrin ìlú wa bá hun, ọnà ara rẹ̀ máa ń fì sí ọ̀tún. Ti ìyá mi máa ń fì sí òsì. Àwọn alájàpá tó ń wá kó ẹní lọ́jọ́ ọjà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ẹní rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn. Mo rántí pé ojú máa ń tì mí bí mo bá tẹ̀lé e lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti báńkì. Fún ọdún púpọ̀ ni báńkì náà ti ń ra iṣẹ́ ọnà láti ibi gbogbo ní ilẹ̀ wa: ilẹ̀kùn gbígbẹ́, orí idẹ, àwòrán ọ̀dà, igbá fínfín, aṣọ òfì. Wọ́n gbé wọn kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá àwọn ọ̀gá àgbà, níbi tó jẹ́ pé àwa òṣìṣẹ́ àti àlejò pàtàkì nìkan ló ń rí wọn. Bí mo bá ń gbé fáìlì kọjá, mo máa ń fi ojú kí wọn bí ẹni tó ń kí ará ilé. Ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wò ó. Ẹnikẹ́ni o, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà báńkì rí. Orí mi wú. Ó dà bíi pé ilé mi ni wọ́n fẹ́ kí àlejò wá wò.

Ọ̀gá kan ló ń bójú tó iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń wọ bùbá àti ṣòkòtò wá síbi iṣẹ́ nígbà tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi táì fún ara wọn lọ́rùn. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan náà, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì. Àwọn nǹkan mìíràn ṣì wà nínú àpótí nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́, ẹní náà sì wà lára wọn. N kò fojú kàn án. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni mo tẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́ mú ará ilé wa wá wo ibẹ̀. Mo mú ìyá mi lọ. Mo fẹ́ kó rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó bàa lè ròyìn rẹ̀ délé. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó wọ bàtà kan ṣoṣo tó ní, tó ń há a lẹ́sẹ̀, ó sì pọn ọmọ. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn náà, tó rí bí ilẹ̀ ti ń dán, ó fẹ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó má bọ́ ọ.

Kò yára rìn. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan, ó fi ìka tọ ọnà ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ní ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò gbọ̀n. Ó dé iwájú àwòrán obìnrin kan tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ó bi mí pé ṣé ẹni tó yà á kò rí àyè ya ojú rẹ̀ tán ni. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ó ń gbádùn ara rẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan kí mi láti ẹ̀yìn, mo yíjú sí i, a jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí mo fi gbọ́ igbe ẹ̀ṣọ́.

"Ah-ah! Màmá! Ẹ dìde níbẹ̀ o!"

Mo yíjú. Wọ́n ti tẹ́ ẹní kan sórí pẹpẹ kékeré kan tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ìyá mi ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti jókòó sáàrin ẹní náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ti sọ ọmọ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ mi ń rákò lọ sí etí ẹní, itọ́ ń ro lẹ́nu rẹ̀.

"Ohun ìjọba lẹ jókòó lé yẹn, Màmá!"

"Ẹní mà ni," ni ìyá mi wí.

"Mo mọ̀ pé ẹní ni! Wọn kì í jókòó lé e ni!"

"Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń wò ó ni, Mà! Wọ́n ń wò ó lásán!"

Gbogbo ènìyàn ti yíjú sí wa. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ gbọ̀ngàn tó ń dán yẹn lanu kí n wọlé. Mo sáré gbé ọmọ, mo di ìyá mi lápá mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, àwọn ọ̀gá mi ń wò wá."

Kò dìde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹní náà, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó tẹ orí ba, ó wo ọnà ara rẹ̀ dáadáa. Ó gbé etí kan sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ẹní mi rèé," ló wí. "Ṣé o ò rí i bó ṣe fì sí òsì?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni, ó fì sí òsì. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí a ń wọlé, n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi dìde fúnra rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó tọ́ka sí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní ẹní ni, pupa àti dúdú, láti ilẹ̀ Yorùbá."

"Ta ni wọ́n ní ó hun ún?"

"Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn wo? Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Ó wò mí. Mo ń retí kó bú mi, kó ní mo ya ọmọ burúkú. Ì bá sàn fún mi. Ó kàn ní "Ó dáa", ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ mi láti pọ̀n ọ́n. Títí di òní, bí mo bá rántí "Ó dáa" yẹn, ó ń dùn mí.

Ọ̀gá jẹ́jẹ́ náà ti gbọ́ ariwo, ó ti dé. Ó bi mí pé ta ni Màmá yìí. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi dúró yí wa ká, àwọn tí mo ti sọ fún pé oníṣòwò ni ìyá mi. Mo lè sọ pé ó rẹ̀ wọ́n, kí n mú un lọ sílé, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ìyá mi bó ṣe ń so ọ̀já, tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, inú bí mi sí ara mi.

"Ìyá mi ni, sà," ni mo wí, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ti rò lọ. "Ahunẹní ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n hun ẹní yìí. Mo fẹ́ kí orúkọ wọn wà lórí káàdì."

Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fi ọwọ́ ra àgbọ̀n. "Mo gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n alájàpá tó tà á fún wa ní òun kò mọ ẹni tó hun ún. Bí mo bá kọ orúkọ ẹni tí kò hun ún, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé la máa lẹ àwọn káàdì mọ́ àyè wọn pátápátá. Kí n tó kọ orúkọ kankan, mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó dájú."

Ní Èkìtì tiwa, a kì í fi "ẹ" pe ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó ga tó. Ìyá mi wo ọ̀gá mi, ó ní: "O sọ òótọ́. Màá wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́ Àìkú yẹn, a kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi kó gbogbo igi ewé tó ti là, tó ti gbẹ, tó ti pupa, tó ti dúdú, wọ inú pálọ̀, ó dà á sórí rọ́ọ̀gì mi. Mo jókòó tì í, mo mú ọ̀bẹ, mo bá a ha á. Ìgbà tí mo ti hà á kẹ́yìn, mo ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo gé ara mi níka lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìka táípíìsì ti rọ̀ jù. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìdì kan ti wà nílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mo gbé e rù dé ibùdókọ̀. Àwọn obìnrin tó máa ń kí mi rí mi pẹ̀lú ìdì igi ewé lórí. Ọ̀kan ní, "Akọ̀wé báńkì, kí lo rù?" Mo ní, "Iṣẹ́ ìyá mi ni," mo sì ń bá tèmi lọ.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, ìyá mi kò gba àga. Ó jókòó sílẹ̀, ó to igi ewé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó yanjú wọn. Lẹ́yìn náà, ó wò wá yíká. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú, nítorí gbogbo wa ti dúró síbẹ̀, ọ̀gá, èmi, ẹ̀ṣọ́ tó pariwo mọ́ ọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan tó ti wá yọjú.

"Ẹ má bínú sí mi o," ló wí, ó sì na ọwọ́ náà síta kí a rí i. "Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ lò."

"A ò bínú, Màmá," ni ọ̀gá wí. "Ẹ lò ó."

Ó lò ó. N kò tíì wò ó rí bí mo ti wò ó lọ́jọ́ náà. Òsì ń ṣíwájú, ọ̀tún ń tẹ̀lé e, pupa ń gba abẹ́ dúdú kọjá, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ó ń bi ọ̀gá léèrè pé ọmọ mélòó ló ní, ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Bó ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi ewé ń ró lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó hun ún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó so etí rẹ̀, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e fún un.

Ọ̀gá gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Ó ní kí wọ́n gbé ẹní mìíràn wá, èyí tí wọ́n rà pọ̀ lọ́wọ́ alájàpá kan náà. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí wọ́n gbé wá fì sí ọ̀tún. Ti orí pẹpẹ fì sí òsì, èyí tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hun náà fì sí òsì, etí àwọn méjèèjì sì ní ìso kan náà bíi pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n so wọ́n. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ń wò ó.

Ìyá mi ní láti ẹ̀yìn, "Yí igun tó wà lọ́hùn-ún yẹn padà. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ kí n tó tà á, mo tún un ṣe lábẹ́."

Ọ̀gá yí i padà. Àbùlẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí. Ó dìde, ó dojú kọ ìyá mi, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀gá ńlá nínú báńkì àgbà ìjọba. Ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Màmá, ẹ má bínú fún ti Sátidé o." N kò lè dá omi ojú mi dúró, n kò sì gbìyànjú rẹ̀.

"Kí ni orúkọ yín, Màmá?" ni ọ̀gá wí, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Ìyá mi fi orúkọ mi dá a lóhùn. Ìyá èmi lagbájá, ohun tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn.

"Orúkọ tiyín gan-an, Mà."

Láti ìgbà tó ti bí mi, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ náà mọ́ àfi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ rí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò pè é rí láyé mi. Ọmọ wo ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ?

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Mo mú káàdì tuntun. Mo tẹ ìlú wa, mo tẹ igi ewé tí wọ́n fi hun ún. Nígbà tí ó kan orúkọ, mo tẹ "Màmá" ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó ní kí n yọ "Màmá" kúrò, pé kò sí "Bàbá" níwájú orúkọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì sí "Ọ̀gbẹ́ni" níwájú ẹni tó ya àwòrán. Mo padà lọ. Mo dìde lórí àga, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kúnlẹ̀ ní kíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá" sí afẹ́fẹ́, mo sì jókòó tẹ orúkọ rẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín bó bá wù yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a tó sùn, mo ká rọ́ọ̀gì kúrò láàrin pálọ̀, mo gbé ẹní tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn jáde, mo sì tẹ́ ẹ fún ọmọ mi. Ìyá mi rí mi. Ó ní kí n yí i padà, pé ojú rẹ̀ ni mo dà délẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn wọlé bí omi: àwọn olùkọ́, àwọn kápẹ́ńtà, àwọn obìnrin tó ti Ìdúmọ̀tà yà wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ti na okùn yí pẹpẹ náà ká, ẹ̀ṣọ́ wa sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ ọn pé ìyá tó hun ún rèé, òun ló dúró yẹn. Ìyá mi dúró lóòótọ́, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo ẹní rẹ̀ láti ẹ̀yìn okùn bí gbogbo ènìyàn.

"Ka káàdì yẹn fún mi," ló wí.

Mo kà á. Mo ka ẹní, mo ka àwọ̀ rẹ̀, mo ka orúkọ ìlú wa. "Ẹni tó hun ún," ni mo wí, mo sì dúró. "Ìyá mi."

"Ṣé ohun tí o kọ nìyẹn?"

"Rárá, Màmá."

"Kà á bí o ṣe kọ ọ́."

Mo wo ilẹ̀. Mo pe orúkọ ìyá mi ní òun nìkan, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, ketekete, nínú gbọ̀ngàn tó kún fún ènìyàn.

"Ẹ̀ẹn," ni ìyá mi dáhùn, bí ọmọ tí wọ́n pè láti inú ilé. "Mo wà ńbí."